Béèsì Tó Sọnù ní Pálọ̀ Wa

Ọjọ́ tí mo gbé sípíkà méjèèjì wọlé, ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó wò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ilẹ̀kùn wo ló bàjẹ́ nínú ilé yìí tí mi ò mọ̀?"

Mi ò lè bá a jiyàn. Ilẹ̀kùn ni wọ́n jọ lóòótọ́. Wọ́n ga jù mí lọ, wọn ò sì nípọn ju Bíbélì àtẹ́lẹwọ́ lọ. Aṣọ aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi bò wọ́n níwájú àti lẹ́yìn. Ọwọ́ òyìnbó arúgbó kan ní àdúgbò Uptown, ní Houston, ni mo ti rà wọ́n, ó ń kó kúrò ní apartment rẹ̀, ibi tó sì ń lọ kò láyè tó máa gbà wọ́n. Ó sọ fún mi pé ìyàwó òun kò fẹ́ràn wọn títí ó fi kú. Ó yẹ kí n ti ibẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo ti ń fi okùn dì wọ́n mọ́ inú ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo rà. Sípíkà tí gbogbo ayé mọ̀, àpótí ni, pẹ̀lú ohun roboto dúdú kan níwájú tó ń mì. Tèmi yìí kò ní àpótí rárá. Ọ̀rá ni, ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ ju èyí tí wọ́n fi ń wé búrẹ́dì lọ, tí wọ́n nà sórí férémù. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ ọn lára, wọ́n sì to òòfà sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni to eyín. Tí iná orin bá ti wọ inú wáyà, òòfà á máa fà á, á máa tì í, gbogbo ọ̀rá náà á sì máa gbọ̀n. Ohùn á jáde níwájú, ohùn á jáde lẹ́yìn, bákan náà gan-an. Bí ènìyàn bá ń kọrin nínú rẹ̀, o máa rò pé ó wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ ni. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo gbọ́ ìgbà tí akọrin kan gbé itọ́ mì kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kejì. Mo sáré pe ìyàwó mi pé kó wá gbọ́ itọ́. Kò wá.

Nígbà tó wá nígbẹ̀yìn, itọ́ kọ́ ló wá gbọ́. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ìyàwó mi ló ń ta gìtá béèsì fún ẹgbẹ́ akọrin nígbà tó wà ní yunifásítì. Àwọn ẹgbẹ́ mi fẹ́ olóhùn òkè, èmi fẹ́ onígìtá béèsì. Ó jókòó láàárín sófà, ó gbé ọmọ wa tuntun lé èjìká, ó ní kí n fi orin kan tó mọ̀ dáadáa sí i, orin tí onígìtá béèsì ti ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìparí ègbè títí ó fi kan okùn tó nípọn jù, tí a kò tẹ̀ rárá. Ohùn yẹn máa ń gbọ̀n nígbà mọ́kànlélógójì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èmi ni mo ń ka ìyẹn. Òun kì í kà á, ó kàn mọ̀ ọ́n ni.

Orin parí. Ó ní, "Ọkùnrin yẹn ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àkọ́kọ́, mo gbọ́ ọ lórí ìkejì, mo gbọ́ ọ lórí ìkẹta. Ó kù èyí tó gbẹ̀yìn. Níbo ló wọlẹ̀ sí?"

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀. Yàrá ni kò jẹ́ ká gbọ́ ọ."

"Yàrá yìí kan náà tí mo ti ń gbọ́ ọ lórí rédíò kékeré?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Ẹni tó bá ti wẹ ọmọ rí á mọ ohun tí mo ń sọ. Na ọwọ́ rẹ tààrà sínú omi, kí o rọra tì í síwájú. Omi kò ní lọ síwájú, ṣe ló máa yọ́ gba etí ọwọ́ rẹ lọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n tí o bá fi ọwọ́ gbá a kíákíá, ìgbì á lọ. Béèsì ni ọwọ́ tó ń rọra rìn. Bí ọ̀rá ṣe ń ti afẹ́fẹ́ níwájú ló ń fa afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, àwọn méjèèjì á pàdé létí férémù, wọ́n á sì pa ara wọn. Èyí tó bá sì jàjà bọ́ á lọ kọlu ògiri ẹ̀yìn àti kọ̀rọ̀, á padà wá ní àkókò tí kò yẹ kó dé. Nítorí náà, ní pálọ̀ wa, ibì kan wà lẹ́bàá fèrèsé tí béèsì ti ń kù bí ẹ̀rọ amúnáwá, ibì kan sì wà tí kò ti sí béèsì kankan. Ibi tí kò sí yẹn ni a gbé sófà sí.

Ìyàwó mi fetí sí gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ó dára. Ìyá mi ń bọ̀ wá bá wa wẹ ọmọ. Àwọn ará ìpàdé àdúrà ilé-dé-ilé máa wá kí wọn kí wọ́n tó padà lọ. Tó bá di ọjọ́ yẹn tí mi ò gbọ́ àtẹ̀gùn tó gbẹ̀yìn, ilẹ̀kùn méjèèjì ń lọ sí gáréèjì."

Ẹni tí kò gbé Houston kò ní mọ̀ pé ìdájọ́ ikú nìyẹn. Tí ooru bá dé, gáréèjì wa ní Stafford níbí lè yan ẹ̀pà. Gọ́ọ̀mù tó mú wáyà mọ́ ọ̀rá á yọ́, wáyà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí ìwé ògiri tí òjò pa, láti ọjọ́ náà lọ gbogbo orin á máa dún bí eṣinṣin nínú agolo. Mo ti rí àwòrán irú rẹ̀. Mi ò lè jẹun dáadáa lọ́jọ́ tí mo rí i.

Mo bá ṣiṣẹ́. Mo ra máíkì kékeré tí wọ́n fi ń wọn ohùn, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo kó ọ̀rọ̀ mi lọ bá àwọn ọkùnrin orí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó mọ ohun gbogbo nípa sípíkà àyàfi ìdí tí ìyàwó wọn fi ń sùn ní yàrá kejì. Wọ́n ní kí n fa sípíkà kúrò lára ògiri. Mo fà wọ́n wá síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, mo fà wọ́n ní márùn-ún. Ní márùn-ún ààbọ̀, wọ́n wà láàárín pálọ̀ bí ẹ̀ṣọ́, ẹni tó bá ń lọ sí kíṣìnì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ rìn gba àárín wọn kọjá. Ṣùgbọ́n béèsì gòkè díẹ̀, máíkì sì jẹ́rìí sí i.

Àárín ìyẹn ni ìyá ìyàwó mi dé láti Iléṣà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, wọ́n máa ń wo ènìyàn lókè awò bí ẹni fẹ́ béèrè iṣẹ́ àmúrelé. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé ọmọ, wọ́n gbàdúrà, wọ́n wá kọjú sí àwọn ohun gíga méjì náà.

"Àna mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ò tíì parí yàrá tí ẹ fẹ́ gé síbí?"

"Sípíkà ni, Màmá."

"Àwọn yìí?" Wọ́n yí i ká. Wọ́n wo ẹ̀yìn. "Wọn ò ní inú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, wọn ò ní inú."

"Ìdí nìyẹn tí ọmọ mi fi ní wọn ò lè sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn."

Ìyàwó mi, tí ń pè mí ní "ẹ" nítorí ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí Màmá jókòó ná." Bí ìyá rẹ̀ ṣe wọ yàrá ló ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, o ti sọ ilé mi di ibi tí wọ́n ń kọ́lé."

Láti wọn ohùn, ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí sípíkà kùn láti ìsàlẹ̀ pátápátá lọ sókè: wùùùùù, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi di fífé bí ìfé adájọ́ bọ́ọ̀lù. Ìgbà kẹta tí mo ṣe é, Màmá yọjú láti yàrá. "Àna mi, ṣé inú ń run ún ni? Ẹ fún un lómi gbígbóná."

Ọ̀rọ̀ ẹrù ló wá tẹ̀lé e. Ẹ mọ bí ó ti rí tí ìyá bá wá sí Amẹ́ríkà. Wọn kì í padà lọ́wọ́ òfo, wọn kì í sì í ra ohun tí ọwọ́ wọn nìkan lè gbé. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń ta aṣọ ní ẹ̀dínwó ní agbègbè wa ni Màmá mọ̀ kí oṣù tó parí. Wọ́n ra ṣẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ àbúrò, búláńkẹ́ẹ̀tì fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ, aṣọ òtútù nínípọn fún ìbátan kan ní Jos tó ń sọ pé òtútù ń pa òun. Wọ́n ń rọ wọ́n sínú báàgì Ghana-must-go, wọ́n ń fi orúnkún tẹ̀ wọ́n títí tí síìpù fi máa pa dé, wọ́n sì ń tò wọ́n sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn sípíkà òsì. Nígbà tí ìyẹn ga tó èjìká mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn sípíkà ọ̀tún.

Mo yọ́ ọ̀rọ̀ náà sọ fún ìyàwó mi. "Ẹrù yẹn wà lẹ́yìn sípíkà gan-an."

"Sípíkà ló wà níwájú ẹrù ìyá mi," ló fèsì.

Mo gbà kámú. Mo kọjú sí iṣẹ́ tèmi. Mo gé pákó fẹ́lẹ́ méjì, mo kùn wọ́n, mo so wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ sípíkà kọ̀ọ̀kan bí ìyẹ́, kí ohùn iwájú lè rìn jìnnà kó tó bá ohùn ẹ̀yìn pàdé. Ìmọ̀ tó yè kooro nìyẹn. Mo wọn ohùn: béèsì ti sàn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo fi irin ṣóńṣó sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo wọn ohùn: ó tún sàn sí i. Mo pààrọ̀ wáyà sí èyí tó nípọn bí ejò. Ó tún sàn! Mo rí i lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ojú ara mi, ilà tó ti ń ṣubú bí ẹni já sí kòtò tẹ́lẹ̀ ń tẹ́jú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn sí àwọn ọkùnrin orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo fi àwòrán ìyẹ́ mi sí i. Ẹnìkan láti ilẹ̀ Jámánì pè mí ní ọ̀gá. Mo fi ọ̀rọ̀ náà han ìyàwó mi, ó ní kí n lọ ra ìlédìí ọmọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan wá kí wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé Greenspoint, tí kò tíì pẹ́ tó fi físà iṣẹ́ wọlé. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ ohùn ní ìjọ wa, ó sì nígbàgbọ́ pé sípíkà tí kò bá lè ṣí fìlà lórí ènìyàn kì í ṣe sípíkà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wá, kí Màmá tó dé, ó ti fi mí ṣẹ̀sín: "Ẹ̀gbọ́n, na fine door o, but bass no dey." Lọ́tẹ̀ yìí ó jókòó, mo fi orin sí i. Ó fọwọ́ kan àyà. Ó dìde, ó yí sípíkà ká bí ẹni tí ń wá ọmọlangidi tí wọ́n fi pamọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ gbé àpótí rẹ̀ sí?"

"Kò sí àpótí. Ìyẹ́ ni."

"Ìyẹ́!"

"Ìyẹ́, àti ìmọ̀," ni mo fi kún un, mo sì rọra gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Ìyàwó mi gan-an gbọ́ ọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, kò jókòó, ó ní, "Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí èyí tó gbẹ̀yìn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ tán." Ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tí òun dá òun ò yẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ Sátidé tí àwọn ará ìpàdé bá dé, tí òun jókòó láàárín sófà, lòun máa dájọ́.

Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin orí íńtánẹ́ẹ̀tì, nígbà tó rí àwòrán mi, kọ̀wé pé: ìyẹ́ yìí dára, ṣùgbọ́n kí ni àwọn báàgì pupa-búlúù wọ̀nyẹn ń ṣe lẹ́yìn? Kó wọn kúrò, kí ohùn ẹ̀yìn lè mí. Mo ronú sí i. Mo ní, tó bá dùn báyìí pẹ̀lú ẹrù, báwo ni yóò ti dùn tó láìsí ẹrù? Mo wá lọ bá Màmá, mo rẹ́rìn-ín àna rere.

"Màmá, ṣé kí n má kúkú bá yín pe àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù lọ sílé? Ká jẹ́ kí ẹrù yín tètè dé kí ẹ tó dé."

Inú Màmá dùn débi pé wọ́n gbàdúrà fún mi lórí ìdúró. Wọ́n pe ọmọ wọn. "O gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ sọ? Òun fúnra rẹ̀ ni!" Ìyàwó mi wò mí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀, tí kò sì tíì mọ ohun náà. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ìgbà tí mo wà níbi iṣẹ́ ní Uptown, tí mò ń tún kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn ṣe, ọkọ̀ wá, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Mo délé nírọ̀lẹ́. Kọ̀rọ̀ méjèèjì mọ́ fónífóní. Mo bọ́ bàtà, mo jókòó láàárín sófà, mo fi orin sí i.

Onígìtá béèsì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀. Àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ dún. Ìkejì dún gbùùùù bí ẹni tó yí àgbá, ó bo ohùn akọrin, ó bo ìlù, gíláàsì inú kọ́bọ́ọ̀dù dáhùn. Ìkẹta kò dún. Èyí tó gbẹ̀yìn, ẹ má tilẹ̀ béèrè. Ó burú ju ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé wọn wọlé lọ.

Mo dìde. Mo wo wáyà. Mo tú ìyẹ́, mo tún un so. Mo dọ̀bálẹ̀ wo irin ṣóńṣó bóyá ọ̀kan ti yẹ̀. Mo pe ọ̀rẹ́ mi ní Greenspoint.

"Kí lẹ yí padà?" ó béèrè.

"Kò sí nǹkan kan! Ohun gbogbo wà bó ṣe wà."

"Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan gbọ́dọ̀ yí."

"Mo ní kò sí!"

Màmá ń kọjá lọ sí kíṣìnì pẹ̀lú ike ọmọ. Wọ́n dúró láàárín sípíkà méjèèjì, wọ́n wò yí ká. "Ilé yìí mà ti ṣófo o," ni wọ́n sọ, "ẹ wo bí ohùn mi ṣe ń dá mi lóhùn."

Mo wo kọ̀rọ̀ òsì. Mo wo kọ̀rọ̀ ọ̀tún. Lórí kápẹ́ẹ̀tì, ibi tí báàgì jókòó lé lórí ṣì tẹ̀ sílẹ̀ roboto, roboto. Inú kọ̀rọ̀ ni béèsì máa ń kóra jọ sí nínú yàrá, kò sì sí ohun tó lè gbà á mọ́ra níbẹ̀ àfi ohun rírọ̀ tó nípọn gidi. Àwọn ènìyàn ń fi owó gidi ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìyá ìyàwó mi ti kọ́ ọ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, láti ilẹ̀ dé òkè, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì àti búláńkẹ́ẹ̀tì àti aṣọ òtútù ará Jos. Bí báàgì ṣe ń pọ̀ ni ilà orí kọ̀ǹpútà ń tẹ́jú, èmi sì ń yin ìyẹ́. Ìyẹ́! Adìyẹ náà ní ìyẹ́.

"Hẹ́lò? Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Mo pa fóònù. Mo pe àwọn akẹ́rù. Ọkùnrin tó gbé fóònù ní àwọn báàgì náà ti wà nínú kọ̀nténà, àti pé mọ́tò kan àti tìmùtìmù méje wà níwájú wọn. Mo béèrè bóyá wọ́n lè gbé mọ́tò náà sẹ́yìn díẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ara yín dá?"

Ní àárọ̀ Sátidé, ìyàwó mi gbé ọmọ lọ síbi abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, mo sì ya wọ inú ilé bí olè. Mo kó dùfẹ́ẹ̀tì lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo kó aṣọ òtútù mẹ́ta tí a kì í wọ̀ ní Houston. Mo kó agbádá ìgbéyàwó mi, mo kó táwẹ̀lì, mo kó ìrọ̀rí. Mo rí báàgì Ghana-must-go mẹ́rin tí Màmá kò tíì lò, mo ń kì wọ́n, mo ń fi orúnkún tẹ̀ wọ́n gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí Màmá tí wọ́n ń ṣe é. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti dúró lẹ́yìn mi.

"Àna mi. Ṣé ẹ ń kó jáde ni?"

Mo dìde, agbádá wà lọ́rùn mi. "Rárá, Màmá. Ẹrù ni."

"Ẹrù ta ni?"

Kí ni mo fẹ́ wí? Pé ẹrù yín ló ń mú béèsì? Pé mo lé e lọ fúnra mi? Mo ní, "Màmá, mo kàn rò ó ni, pé ẹrù yẹn kéré. Pé ó yẹ kí ẹ tún kó òmíràn jọ." Mo tọ́ka sí kọ̀rọ̀. "Síbẹ̀. Àti síbẹ̀ yẹn."

Màmá bọ́ awò wọn. Wọ́n nu ojú. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń fi ọmọ fún ọkọ, àwọn ò tíì rí àna tó ń bẹ ìyá ìyàwó kó wá fi ẹrù kún ilé òun. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, mo sì gbọ́ ohùn wọn lórí fóònù, ohùn olùkọ́ tó ń bá kíláàsì mẹ́ta sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹrù tèmi kò ga ju orúnkún lọ. Mo wọn ohùn, kò tíì tó. Ìyàwó mi dé, ó wo bẹ́ẹ̀dì wa tó wà ní ìhòòhò, ó wo kọ̀rọ̀, ó wò mí. "Mi ò ní béèrè," ló wí. "Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa dájọ́."

Nírọ̀lẹ́, aago ẹnu ọ̀nà dún. Arábìnrin kan láti ìjọ ni, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tó gbé báàgì kan sórí. "Ẹ káàbọ̀, Màmá! Ẹ pè wá pé àna yín ní àyè wà. Aṣọ àwọn ọmọ wa ni, ẹ bá wa mú un dé Àkúrẹ́."

Màmá nawọ́. "Kọ̀rọ̀ òsì. Ibẹ̀ ni àna mi fẹ́ràn jù."

Ìdílé kejì dé, wọ́n gbé méjì. Ìdílé kẹta gbé búláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi okùn dì. Ẹnìkan gbé kọ́tínnì ilé rẹ̀ àtijọ́ wá pátápátá. Ilé kan kò sì wá lọ́wọ́ òfo. Ẹ mọ̀ wá, ẹ wí fún wa pé ẹnìkan ń lọ sílé, ẹ wo ohun tí a máa rí láti fi rán an. Ọ̀rẹ́ mi láti Greenspoint wọlé kẹ́yìn, ó ru báàgì aṣọ nọ́ọ̀sì kan tó tóbi jù ú lọ, ó ní kí wọ́n bá òun fún ẹ̀gbọ́n òun obìnrin. Ó wo kọ̀rọ̀. Ó wo sípíkà. Ó wò mí. Ó gbọ́n, ọmọ yìí. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó rọra wí. "Ìyẹ́, àbí?"

"Bá mi gbé ti ọwọ́ rẹ yẹn sókè pátápátá," ni mo fèsì, "kó kan àjà."

Alàgbà tó ń darí ìpàdé bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àdúrà Alàgbà kì í kúrú. Ó dé Jẹ́ríkò, ó dé Bábílónì, èmi la ojú kan, mò ń wọn gíga ẹrù kọ̀rọ̀ ọ̀tún. Ó ku bí ẹsẹ̀ bàtà kan. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ohun tí mo fi "Àmín" mi tọrọ lọ́jọ́ náà ni kí ẹnìkan tún dé pẹ̀lú aṣọ.

Àdúrà parí. Ìyàwó mi gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ó lọ jókòó láàárín sófà, àwọn méjì tó wà níbẹ̀ sì sún fún un. Ó ní, "Ó yá, Dádì. Ẹ fi orin sí i."

Mo fi sí i. Inú yàrá kún, gbogbo ènìyàn ń mi orí, wọ́n rò pé orin ni a ń gbọ́. Ègbè dé. Onígìtá béèsì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀. Ojú sípíkà kọ́ ni mò ń wò, ọwọ́ òsì ìyàwó mi ni mò ń wò. Ó gbé e lé itan, àwọn ìka rẹ̀ sì ń tẹ okùn gìtá tí kò sí níbẹ̀: ọ̀kan, ó sún, ó sún, ó wá gbé gbogbo ìka kúrò fún okùn tí a kò tẹ̀. Ohùn náà dé. Kò kù, kò bú. Ó kàn dé lábẹ́ gbogbo wa, bí ẹni tó jókòó sórí àga tó mọ̀. Ilẹ̀ gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi.

Alàgbà na ọwọ́ sókè. "Ẹ̀mí ti sọ̀kalẹ̀!"

"Ó ti sọ̀kalẹ̀ dé àtẹ̀gùn tó gbẹ̀yìn," ni ìyàwó mi wí. Ó sì yí orí sí mi. "Wọ́n lè dúró."

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Door don talk!"

Mo fẹ́ fò sókè, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò tíì gbé ojú kúrò. Ojú rẹ̀ kọjá mi lọ sẹ́yìn, sí kọ̀rọ̀ òsì, sí kọ̀rọ̀ ọ̀tún, ó sì dúró sórí ìrọ̀rí tirẹ̀ tó yọ etí jáde nínú báàgì. Onígìtá béèsì ni, kì í ṣe ọmọdé. Ó ní, "Dádì. Nígbà tí wọ́n bá kó ẹrù yìí lọ ńkọ́?"

Mo jẹ́wọ́. Níwájú gbogbo ìjọ, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìyẹ́, irin ṣóńṣó, wáyà, ará Jámánì, kọ̀nténà, mọ́tò àti tìmùtìmù méje. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí, ọmọ ń sunkún, òun náà ń sunkún ẹ̀rín. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ẹ̀bùn ní ọjọ́ ìparí sáà.

"Nítorí náà, ẹrù mi ló ń kọrin."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ẹ jẹ́ ká tún un gbọ́."

Màmá ti padà sí Iléṣà. Tí wọ́n bá pè, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ọmọ, wọ́n á wá béèrè ẹrù. Ìdájọ́ ìyàwó mi ni pé sípíkà wà níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí kọ̀rọ̀ bá kún, àti pé dùfẹ́ẹ̀tì àti ìrọ̀rí òun kò sí nínú àdéhùn náà. Nítorí náà ilé wa ti di ibùdó. Gbogbo ẹni tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé láti Stafford dé Greenspoint mọ̀ pé àyè wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi púpọ̀. Wọ́n ní ọkàn mi dára. Mi ò kọ̀ ọ́.

Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń fún wa níyọnu ni pé wọ́n máa ń fẹ́ wá kó o. Lánàá, ọkùnrin kan pè mí pé ọkọ̀ ojú omi ń gbéra, òun ń bọ̀ wá gbé báàgì mẹ́fà òun. Mo wà láàárín ègbè. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi wọ́n sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ó ní àbúrò òun ní ẹrù tó fẹ́ kó wá rọ́pò rẹ̀, ẹrù púpọ̀.

Mo dín orin kù. Mo ní, "Kó máa bọ̀. Ṣùgbọ́n sọ fún mi ná: ṣé aṣọ ni, àbí bàtà?"